Mercy Ti Ń Sọ̀rọ̀

Ugbuwangue, Warri
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹsàn-án, 2024

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti etí omi níbí. Ẹ kú ewu ìjì. Olúsànmí ọlọ́kọ̀ sọ fún mi pé òpó nẹ́tíwọ́kì tí òkun wó lọ́dọ̀ yín kò tíì dìde, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti bébà. Ó ní òun fúnra òun ni yóò fi lẹ́tà yìí lé yín lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún un ní ẹja.

Ọkọ mi kí yín. Àwọn ọmọ náà wà dáadáa, bí mo bá bá wọn sọ Yorùbá, Pidgin ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn.

Bàbá, ọ̀rọ̀ Mercy àbúrò mi ni. Ní oṣù Keje, kí ilé ẹ̀kọ́ tó gba ìsinmi, mo gbé aṣọ tí mo rán lọ fún oníbàárà mi kan ní Edjeba, mo sì gba inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan kọjá. Ariwo àwọn ọmọ gba gbogbo ibẹ̀, àfi yàrá kan ní ìkángun. Mo rò pé òfìfo ni. Nígbà tí mo yọjú lójú fèrèsé, yàrá náà kún fún ọmọ. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń bi tíṣà ní ìbéèrè, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Oòrùn ń wọlé, eruku ṣọ́ọ̀kì ń léfòó, ọwọ́ wọn sì ń lọ ń bọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn bí ẹja kéékèèké nínú omi tó mọ́. N kò mọ ìgbà tí mo gbé àpò mi kalẹ̀.

Adití ni gbogbo wọn, bíi Mercy. Mísísì Tosan ni tíṣà wọn, ọmọ Ìṣẹkírì ni. Ó ní ìjọba ló ni kíláàsì náà, wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, èdè ọwọ́ ni òun sì fi ń kọ́ wọn ní ìwé àti ìṣirò. Mo sọ fún un pé mo ní àbúrò kan nílé tí kò gbọ́ràn láti ìgbà tí ibà líle ti mú un lọ́mọ ọwọ́. Ó wò mí, ó ní, "Wetin she dey do for house?"

Ìbéèrè náà tẹ̀lé mi délé. Bàbá, ẹ jẹ́ kí ó wá. Ẹ̀gbẹ́ mi ni yóò máa sùn.

Ọmọ yín,
Ọlámigòkè


Ebúté Àánú, Ìlàjẹ
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹsàn-án, 2024

Ọlámigòkè ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé, ó ń rùn fún epo. Abẹ́ ẹ́ńjìnnì ni Olúsànmí fi í sí. Mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ tí kò gbọ́ èdè bàbá àgbà wọn.

O ní tíṣà béèrè ohun tí Mercy ń ṣe nílé. Sọ fún un pé Mercy ni ojú mi lórí omi. Àwọn apẹja yòókù ń bá ariwo ẹ́ńjìnnì du ọ̀rọ̀ títí ohùn wọn yóò fi há. Èmi àti Mercy, ìka kan ti tó. Bí ó bá ká ìka kékeré, edé ni. Bí ó bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ hàn mí, ìgbì ń bọ̀. Ìwọ tó ti kúrò nílé láti ọjọ́ pípẹ́, o kò mọ èyí. O kò tilẹ̀ mọ ohun tí ó fi ń pe ìwọ gan-an.

Ohun mìíràn tún wà. Wòólíì ìjọ wa ríran pé ahọ́n ọmọ yìí yóò tú. Èmi náà lá àlá. Mo wà nínú ọkọ̀, omi dákẹ́ bíi dígí, mo sì gbọ́ ohùn ọmọbìnrin kan lẹ́yìn mi tó pè mí ní Bàbá. Mo yíjú padà, Mercy ni. Nígbà tí mo jí, ohùn náà ṣì wà létí mi, ó dùn bí omi tútù. Ojoojúmọ́ ni mo ń retí rẹ̀. Bí mo bá wá fi ọmọ sọ́dọ̀ àwọn tó ti gbà pé kò ní fọhùn láéláé, ṣé kì í ṣe pé mo ti sọ ìrètí nù?

Èsì tí mo fẹ́ fún ọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ àná, mo rí Mercy lẹ́yìn ògiri ilé ẹ̀kọ́ abúlé wa. Ó gbé pákó kan lé itan, ó ń fi èédú kọ nǹkan sí i, ó ń wo àwọn ọmọ inú kíláàsì láti ojú ihò, ó tún ń kọ. Mo lọ wò ó. Ìlà lásán ni, ìlà tẹ̀lé ìlà. Ó gbé e fún mi kí n kà á.

N kò lè jẹun lánàá. Olúsànmí yóò gbé Mercy wá fún ọ lọ́jọ́ Ajé. Mo yá ọ ni, n kò fi ta ọ́ lọ́rẹ. Kí ó wà nílé fún Kérésìmesì. Fi okùn àwọ̀n ránṣẹ́ sí mi, èyí tó nípọn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọlágbénró


Ugbuwangue, Warri
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kọkànlá, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú àárò ọmọ. Okùn àwọ̀n yín nìyí, mo fi súìtì díẹ̀ sí i.

Ẹ dárí jì mí pé mo pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Mercy kì í kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn kíláàsì. Etí omi ló máa ń wò, bóyá ọkọ̀ yín ń bọ̀. Mísísì Tosan kò fà á. Ó kàn gbé àga tirẹ̀ lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ló ti ń kọ́ gbogbo wọn, títí ó fi di ọjọ́ kan tí Mercy dìde fúnra rẹ̀ tó wọlé lọ jókòó.

Ẹ bá mi yọ̀ o, Bàbá! Mercy ti ń sọ̀rọ̀! Bí ó bá ti jí, kò dákẹ́ mọ́. Ó ń béèrè ìdí tí òṣùpá fi ń tẹ̀lé wa, ó ń béèrè ibi tí omi ń lọ bí ó bá fà. Lójú oorun pàápàá, ó ń sọ̀rọ̀. Mo máa ń jókòó tì í, mo máa ń wò ó. Ẹ ò bá rí i!

Olúsànmí ti ń pariwo pé òun fẹ́ gbéra. N ó kọ ìyókù nígbà mìíràn.

Ọlámigòkè yín


Ebúté Àánú
Ọjọ́ kejì, oṣù Kejìlá, 2024

Ọmọ mi, ọmọ mi àtàtà,

Mo ń sáré kọ èyí, fara da ìkọ̀wé mi. Mo ka lẹ́tà rẹ, mo tún un kà, mo wá sáré lọ bá wòólíì láì wọ bàtà. Ó kà á sókè nínú ìjọ: "Mercy ti ń sọ̀rọ̀." Ilé ìjọsìn mì. Àwọn obìnrin ń yí nílẹ̀. Wọ́n gbé mi sókè, èmi àgbàlagbà, wọ́n gbé mi yíká ilé ìjọsìn. A ti ṣe ìdúpẹ́.

Sọ fún mi, báwo ni ohùn rẹ̀ ti rí? Ṣé ó jọ ti ìyá yín, tó máa ń gòkè díẹ̀ ní ìparí ọ̀rọ̀? Láti ìgbà tí ìyá yín ti kú, n kò gbọ́ irú ohùn yẹn mọ́. Mo ń jí láàárọ̀, mo ń fetí sílẹ̀ bí ẹni pé ó ti wà nínú yàrá kejì.

Ní ọjọ́ tí ó bá ń bọ̀, gbogbo ìjọ yóò dúró dè é ní èbúté. Kọ́ ọ kí ó pè mí ní Bàbá láti inú ọkọ̀, kí ó tó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, n kò fẹ́ nǹkan mìíràn fún Kérésìmesì.

Bàbá rẹ tó ń yọ̀,
Ọlágbénró


Ugbuwangue, Warri
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kejìlá, 2024

Bàbá mi,

Yéè, kí ni mo ṣe yìí! Nígbà tí Olúsànmí ń gbé Mercy sínú ọkọ̀ láàárọ̀ yìí ló fi lẹ́tà yín lé mi lọ́wọ́. Mo tì í bọ inú àpò, mo ń juwọ́ sí Mercy. Ìgbà tí mo délé ni mo tó ṣí i. Mo sáré padà sí etí omi, ọkọ̀ ti lọ. Ojú omi tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni pé ọkọ̀ kankan kò gba ibẹ̀ kọjá rí.

Bàbá, ọwọ́ ni Mercy fi ń sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ni mo ní lọ́kàn. Ó ti wọ̀ mí lára débi pé n kò rántí pé ẹ̀yin ò rí ohun tí mo ń rí. Mo fi lẹ́tà yìí rán ọkọ̀ mìíràn tó ń lọ lọ́la. Ọlọ́run jọ̀ọ́, kí ó yá ju Olúsànmí lọ.

Ẹ má bínú sí ọmọ náà. Èmi ni kí ẹ bínú sí.

Ọlámigòkè


Ugbuwangue, Warri
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kìíní, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún. A ò gbọ́ nǹkan kan látọ̀dọ̀ yín. Ilé ẹ̀kọ́ ti wọlé, àga Mercy ṣófo. Olúsànmí ní òun dúró dè é ní èbúté yín, ẹ̀yin sì kọ̀yìn sí òun, ẹ wọlé lọ.

Mo ń lálàá ilé. Mo ń rí i pé mo dé ẹnu ọ̀nà yín, mo ń kanlẹ̀kùn, ẹ wà nínú ilé, ẹ kò gbọ́. Ẹ kọ̀wé sí mi, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ èébú.

Ọlámigòkè


Ebúté Àánú
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kejì, 2025

Ọlámigòkè,

O ní kí n kọ̀wé, mo kọ ọ́.

Lẹ́tà tí o fi rán ọkọ̀ kejì dé lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Gbogbo ìjọ dúró ní èbúté pẹ̀lú aṣọ funfun, àwọn akọrin ń kọrin. Ọkọ̀ yọ. Mercy dìde nínú rẹ̀ nínú yunifọ́ọ̀mù rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé ọjọ́ ayẹyẹ kan ni. Wọ́n dá orin dúró kí a lè gbọ́ ọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ṣe oríṣiríṣi nǹkan, kíákíá, kíákíá, ojú rẹ̀ ń tàn. A dúró. Ẹnu rẹ̀ kò ṣí. Mo ń gbọ́ omi tó ń lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ẹnì kan wá rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, ó ní, "Ṣé èyí ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ó ń sọ?"

Mo wọ omi lọ bá a, mo sì dì í lọ́wọ́ méjèèjì mú kí ó lè dá a dúró. Mo dì í mú ṣinṣin. Ó wò mí.

Láti ọjọ́ yẹn, kò fi ọwọ́ ṣe àmì sí mi mọ́, àti ti tuntun àti ti àtijọ́. Kò bá mi wọ ọkọ̀ mọ́. Ó ń jẹun, ó ń gbálẹ̀, ó ń sùn. Ìwọ ló mú un lọ, tí o sì dá àjèjì padà fún mi. Kò ní padà sí Warri.

Bàbá rẹ


Ugbuwangue, Warri
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kejì, 2025

Bàbá mi,

Mo wólẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo gba ẹ̀bi tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí, kí ẹ sì nà mí lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ẹ di ọwọ́ Mercy mú, ẹnu rẹ̀ ni ẹ bò. Níwájú gbogbo ìlú, ẹ fọwọ́ bo ọmọ yín lẹ́nu. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, èmi náà ì bá dákẹ́.

Kì í ṣe àjèjì. Ó mọ ohun tó pọ̀ ju èyí tó mọ̀ nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ yín lọ ni, ẹ̀yin sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó fẹ́ sọ ọ́ fún. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì, ó ń dá a kọ́ níwájú dígí mi, ohun tí yóò sọ fún yín.

Ìròyìn kan tún wà tí kò dára. Àwọn ará ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ wá wo kíláàsì náà ní oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ní àwọn ọmọ ibẹ̀ kéré jù. Wọ́n fẹ́ tì í, kí wọ́n gbé Mísísì Tosan lọ sí kíláàsì àwọn tó ń gbọ́ràn níbòmíràn. Mo bá a níbi tó ti ń nu pátákó, ó ní, "If dem carry me go, who go talk to dem?" Kò sunkún. Ó kàn ń nu ibi kan náà.

Ó fẹ́ kí gbogbo òbí wá. Bàbá, mo ti bẹ̀ tán.

Ọlámigòkè


Ebúté Àánú
Ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹta, 2025

Ọlámigòkè ọmọ mi,

Mo ka lẹ́tà rẹ, mo bínú, mo jù ú sílẹ̀, mo tún ṣà á. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ àti ẹnu yẹn kò jẹ́ kí n sinmi.

Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọyẹ́ bo òkun débi pé èèyàn ò mọ ibi tí omi ti di ojú ọ̀run. Mo jókòó sórí iyanrìn, mo ń tún àwọ̀n ṣe. Mercy wà nítòsí, kò sún mọ́ mi, kò jìnnà. Mo fi àwọ̀n sílẹ̀, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo tẹ́ ọwọ́ mi méjèèjì sórí iyanrìn, mo ṣí wọn. N kò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà bẹ ọmọ kékeré.

Ó wo àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó wá gbé ọwọ́ sókè. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé àtẹ́lẹwọ́, ó dijú. Mo rò pé oorun ló ń kùn ún. Ó mi orí. Ó fi ìka kan sí iwájú orí, ó ń ká a, ó ń nà án, ó ń gbé e lọ sókè, bí ẹni pé èéfín ń ti inú orí rẹ̀ jáde. Kò yé mi. Ó tún un ṣe. Kò yé mi. Ó wá ya àwòrán sórí iyanrìn: ẹni tó sùn, ilé kan lókè orí rẹ̀, obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà. Ó fọwọ́ kan etí rẹ̀, níbi tí yẹtí ti ya ìyá yín létí nígbà kan. Bí èmi àti òun ti ń pe ìyá yín nìyẹn.

Ọmọ mi, àlá ló ń rọ́ fún mi.

Mo ti ń rọ́ àlá tèmi fún wòólíì, fún ìwọ, fún ẹnikẹ́ni tó bá lè dúró gbọ́. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé Mercy náà ń lá àlá.

Ó ní ìyá òun ń bá òun sọ̀rọ̀ nínú ilé náà. Mo tọ́ka sí ẹnu mi, mo bi í bóyá ẹnu ni. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ìgbà àkọ́kọ́ láti èbúté. Ọwọ́ ni. Ìyá yín tó kú kí ọmọ yìí tó mọ ọ̀nà Warri, èdè ọwọ́ ilé ẹ̀kọ́ ló ń sọ nínú àlá, ó sì ń sọ ọ́ geerege. Mo béèrè ohun tó sọ. Mo ti múra fún iṣẹ́ ńlá láti ọ̀run. Mercy ní ìyá òun ní kí òun fọ ẹsẹ̀ kí òun tó wọlé.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Ìyá yín gan-an nìyẹn, kò sí ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo dìde nínú ìjọ. Mo ní, "Ẹ̀rí tí mo jẹ́, èmi ni mo ṣì í gbọ́. Ọmọ mi ń sọ̀rọ̀. Ẹ wò ó." Mo pe Mercy síwájú, ó rọ́ àlá náà, èmi ń túmọ̀ rẹ̀. Mo ń ṣì í, ó ń tún mi ṣe. Àwọn kan kùn. Wòólíì dijú. Lẹ́yìn ìsìn, obìnrin kan tí a ti jọ ń jọ́sìn láti ọjọ́ pípẹ́ tẹ̀lé mi délé. Ó ní òun náà ní ọ̀kan bíi Mercy nílé. N kò mọ̀ pé ó bí ọmọ yẹn. Ó lọ mú un wá. Fúnmilọ́lá ni orúkọ ọmọ náà, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ń wo ọwọ́ Mercy bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

A ń bọ̀, gbogbo wa. Sọ fún tíṣà kí ó má nu pátákó náà tán.

Bàbá rẹ,
Ọlágbénró


Ugbuwangue, Warri
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ìrìn àjò. Ṣé ẹ délé láyọ̀? Ilé wa ti tóbi jù láti ìgbà tí ẹ ti lọ.

Èsì dé lánàá. Wọn kò ti kíláàsì náà. Mísísì Tosan dúró. Wọ́n ní àwọn yóò fi tíṣà kejì kún un. A ò tíì rí i, òrùlé náà ṣì ń jò, ṣùgbọ́n wọn kò tì í.

Ọkọ mi kò yé sọ ọ́ fún àwọn aládùúgbò, bí ẹ ṣe dìde nígbà tí ọ̀gá ọ́fíìsì ní àwọn ọmọ náà kò pọ̀. Ẹ ní kí ó bá yín wọ ọkọ̀ lọ sí etí òkun, kí ó máa kan ilẹ̀kùn, kí ó máa béèrè àwọn ọmọ tí wọn kì í jáde. Èdè Ìlàjẹ ni ẹ sọ. Mísísì Tosan gbọ́ ọ nítorí pé ó fara jọ Ìṣẹkírì tiwọn. Ó fi ẹnu sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀gá, ó ń fi ọwọ́ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ń wo ọ̀rọ̀ yín bó ti ń rìn káàkiri yàrá yẹn. "Your papa no dey fear," ni ọkọ mi ń wí.

Mercy àti Fúnmilọ́lá jà nítorí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Wọ́n ti wá ń jókòó lé e pọ̀.

Ọlámigòkè yín


Ebúté Àánú
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹrin, 2025

Ọlámigòkè,

Mo délé láyọ̀. Ẹ kú ìtọ́jú mi.

Láàárọ̀ àná, kùrukùru bá mi lórí omi. Ó nípọn, ó funfun, n kò rí imú ọkọ̀ mi. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Ibẹ̀ dákẹ́ bí inú oorun. Ẹ̀rù kò bà mí. Mo kàn rí i pé mo fẹ́ sọ ọ́ fún Mercy, n kò sì ní ọ̀rọ̀ rẹ̀. A ò ní in nínú ti àtijọ́, kò sì sí nínú èyí tó kọ́ mi.

Mo bá dá ọ̀kan ṣe. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú ojú, mo rọra ya wọ́n kúrò lára wọn bí ẹni tó ń fa òwú, mo sì fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ láti ẹnu. Mo ń ṣe é lórí omi yẹn, èmi nìkan, títí oòrùn fi yọ. Bá mi fi hàn án, kí o bi í bóyá ó tọ́.

Bàbá yín


Ugbuwangue, Warri
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin, 2025

Bàbá mi,

Mo fi hàn án bí ẹ ti kọ ọ́. Mercy ní ìka mi le jù, ó ní kò lè jẹ́ bí ẹ̀yin ṣe ṣe é nìyẹn. Ó tún un ṣe. Nígbà tí ó ṣe é, mo rí kùrukùru.

Ó gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Mísísì Tosan wo inú ìwé tó fi ń kọ́ wọn, ó ní kò sí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, tiyín ni àwọn yóò máa lò. Láàárọ̀ yìí, kùrukùru bo gbogbo etí omi wa. Mo sin Mercy dé ẹnu géètì. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń jáde láti inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ tí ẹ ò mọ̀, tí wọn ò mọ̀ yín, bí wọ́n sì ti ń rí ara wọn, wọ́n ń gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ń rọra ya àtẹ́lẹwọ́ wọn sọ́tọ̀, wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn.

Ọmọ yín ní Warri,
Ọlámigòkè